Wíwọn Ìró Sípíkà Nílé: Ipa Tí Yàrá Ń Kó

Láti nǹkan bí 20 Hz dé 20,000 Hz ni etí ọ̀dọ́ tó dá ṣáṣá ń gbọ́. Hz ni iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan: èyí tó kéré ni béèsì, èyí tó pọ̀ ni ìró tó ń han gooro. Ohun tí wíwọ̀n ń wá ni èyí tí sípíkà ń gbé sókè jù nínú wọn, àti èyí tó ń pa mọ́.

Máíkì tí wọ́n dìídì ṣe fún ìwọ̀n ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, pẹ̀lú fáìlì tó ń sọ àṣìṣe máíkì náà fún kọ̀ǹpútà kó lè yọ ọ́ kúrò. Máíkì fóònù kò tó o. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe é fún. Ibi tí orí olùgbọ́ máa ń wà gan-an ni máíkì ń dúró sí. Ètò kọ̀ǹpútà bíi REW, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á wá rán ohùn kan gba inú sípíkà ẹyọ kan, láti ìkùn ìsàlẹ̀ títí yóò fi di súfèé tín-ín-rín. Ó mọ ohun tó rán, ó gbọ́ ohun tó dé. Ìyàtọ̀ wọn, ní dB, ìyẹn ìwọ̀n bí ìró ṣe lágbára tó, ló ń fà bí ìlà.

Òkè àti kòtò ló máa ń kún ìlà náà, ẹni tó kọ́kọ́ rí i á sì fẹ́ bínú sí sípíkà. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ bíi 300 Hz, yàrá ló ni ọ̀pọ̀ ẹ̀bi náà. Ìgbì 34 Hz gùn tó mítà 10. Nínú yàrá tó gùn ní mítà 5, ìdajì rẹ̀ wọ àárín ògiri méjì dọ́gba: béèsì á pọ̀ lápọ̀jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá láàárín yàrá.

Sípíkà tó fi mítà 1 jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Ìró tó lọ kan ògiri kó tó padà ti rin mítà 2 ju èyí tó wá tààrà lọ. Ní bíi 86 Hz, ìdajì ìgbì ni mítà 2 yẹn, làwọn méjèèjì bá pa ara wọn. Bí wọ́n bá fi equalizer, ohun tó ń gbé apá kan ìró sókè tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, gbé 86 Hz yẹn sókè, èyí tó ń ti ògiri bọ̀ náà á ga sí i. Ampilifáyà nìkan ló máa làágùn. Sísún sípíkà ló sàn jù. Òkè ni equalizer lè bá ni gé.

Ọgbọ́n kan wà láti yọ yàrá kúrò: kí ètò náà gé ohun tó gbọ́ kí ìró tó ta padà lára ògiri tó dé. Ìró ń rin bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà èyí tí ọ̀nà rẹ̀ fi mítà 1.7 gùn ju ti tààrà lọ ń fi bíi 0.005 ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ dé. Àkókò yẹn kò gbà ju ìgbọ̀n ẹyọ kan ti 200 Hz lọ. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìlà náà ò lè sọ ọ́. Fún béèsì, àfi ká wọn sípíkà àti yàrá pọ̀.