Ṣọ́ọ̀kì tuntun: kí onímọ́tò dè é fúnra rẹ̀ ni, àbí kó gbé e fún mẹkáníìkì?

Mọ́tò tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú kì í lè fara pamọ́. Yóò ti jáde nínú gálọ́ọ̀pù tán, síbẹ̀ yóò ṣì máa mi orí lọ bí alángbá. Ẹni tó bá dúró ní oríta Ọláìyá l'Óṣogbo nírọ̀lẹ́ yóò rí wọn dáadáa bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti Òkè-Fíà. Bí kò bá dá onímọ́tò lójú, kó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ imú mọ́tò náà mọ́lẹ̀, kó sì jù ú sílẹ̀ lójijì. Èyí tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣì pé, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò gbéra tí yóò sì dúró. Èyí tó bá jó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ti tán nìyẹn. Kó tún bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́: bí ọ́ìlì bá ti rin ara ṣọ́ọ̀kì, tí eruku pupa sì ti lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

L'Óṣogbo, onímọ́tò ló sábà máa ń ra ọjà, ìbáà jẹ́ tuntun láti Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí tòkúnbọ̀ nítòsí ilé. Mẹkáníìkì a gba owó iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Owó iṣẹ́ yìí ló máa ń dun àwọn kan. Wọ́n ti wo fídíò lórí fóònù, wọ́n rí i pé bóòtì bíi mélòó kan ni, sípánà sì wà nílé. Ṣé wọn ò wá lè ṣe é fúnra wọn ni? Àwọn kan lè ṣe é. Ibi tí sípíríǹgì mọ́tò náà wà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Sípíríǹgì ló ń ru ẹrù mọ́tò. Ṣọ́ọ̀kì ló ń dá sípíríǹgì lẹ́kun kó má baà máa jó. Ní apá ẹ̀yìn mọ́tò Golf 4, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì dúró: bí a bá ti fi nǹkan gbé irin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ró kó má já wálẹ̀, a lè tú ṣọ́ọ̀kì kúrò láìfọwọ́ kan sípíríǹgì. Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ taya, tí sípánà rẹ̀ sì pé, lè parí irú èyí ní àárọ̀ Sátidé kí oòrùn tó mú.

Ti Camry yàtọ̀. Ìbáà jẹ́ oríṣi Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni sípíríǹgì ti we mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Orúkọ Earle MacPherson, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ń pe irú ètò yìí. Ford Vedette tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí 1949, wà lára àwọn mọ́tò tó kọ́kọ́ lò ó. Kò gba àyè, irin rẹ̀ ò pọ̀, ìyẹn ló fi tàn káyé. Ewu rẹ̀ wà nínú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó wà láàárín lókè, tó tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀. Camry wúwo tó 1,400 kìlógíráàmù, imú ló sì gbé púpọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà sípíríǹgì iwájú kan ń ru ju 350 kìlógíráàmù lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì méje ló jókòó lé e lórí yẹn. Bí a bá tú nọ́ọ̀tì náà láìsí ohun tó di sípíríǹgì mú, yóò fò jáde ni, ojú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tì í ló sì máa bá. Ó lè pa èèyàn. Irinṣẹ́ onírin gígùn méjì kan wà, tó ní ìkọ́ lókè nísàlẹ̀, tí a fi ń fún sípíríǹgì pọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì kí a tó tú u. Ṣọ́ọ̀bù tí kò bá ní in, tó jẹ́ wáyà tàbí okùn ni wọ́n fẹ́ fi dì í, kí onímọ́tò gbé mọ́tò rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kódà bí wọn ò bá ní gba kọ́bọ̀.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀, kó ra odidi: ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ti de sípíríǹgì àti máùntìn (ìjókòó orí rẹ̀) mọ́ lórí láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí a bá ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló yí orí ṣọ́ọ̀kì ká. Nísàlẹ̀, bóòtì ńlá méjì. A óò tú línkéèjì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan) àti ibi tí rọ́bà bíréèkì ti so mọ́ ọn kúrò lára rẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta yẹn la ń tú. Ti àárín, a ò gbọdọ̀ fi sípánà kàn án.

Jáàkì inú búùtù, taya pípààrọ̀ nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ilẹ̀ pupa tó wà nínú àgbàlá ọ̀pọ̀ ilé máa ń rọ̀ lẹ́yìn òjò, jáàkì a sì máa rì díẹ̀díẹ̀ láìpariwo. Orí kọnkéré ni kí iṣẹ́ yìí ti wáyé, kí irin ìdúró wà lábẹ́ ṣáṣí, kí taya tí a bọ́ sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bóòtì tó ti wà lójú kan fún ọdún mẹ́wàá kì í gbọ́ ti sípánà kékeré. Mẹkáníìkì ní páìpù gígùn tó máa fi bọ ìdí sípánà, ó ní ọmọọṣẹ́ tó máa bá a tẹ̀ ẹ́, ó sì mọ wẹ́dà tó máa fi iná sí i. Ẹni tó dá wà nílé pẹ̀lú mọ́tò tó ti tú dé ìdajì kò ní ìkankan nínú wọn.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù, nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù, ni búṣìn apá ìsàlẹ̀, ìyẹn ti irin apá tó so ẹsẹ̀ taya mọ́ abẹ́ mọ́tò, tí wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Rọ́bà inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin. Kì í yí bíi bíárìn. Ṣe ló ń lọ́ díẹ̀, tó sì ń padà sí àyè rẹ̀. Bí a bá fún bóòtì rẹ̀ pa nígbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò ṣì rọ̀ dirodiro lórí jáàkì, ibẹ̀ ni rọ́bà máa mọ̀ sí àyè. Mọ́tò balẹ̀ báyìí, rọ́bà ti lọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà tọ̀sán-tòru, bí ẹni tó sùn tí ọrùn rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ti ya. Onímọ́tò á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, ọlọ́jà á sì búra pé ojúlówó ni. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni ọlọ́jà ń sọ. Kí a kàn fi ọwọ́ de bóòtì náà ni, kí mọ́tò fi ẹsẹ̀ lélẹ̀, kó gbé ẹrù ara rẹ̀, kí a tó fún un pa. Ẹni tó gbé mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó dúró tì wọ́n títí ibi yìí yóò fi kọjá, kó sì sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó balẹ̀ ná.” Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kò ní bínú.

Lẹ́yìn èyí ni àláíǹmẹ́ǹtì, ìyẹn títo taya kó dúró tọ́. Bóòtì ńlá méjì ìsàlẹ̀ yẹn ló di ìdúró taya mú, ihò wọn sì fẹ̀ díẹ̀ ju bóòtì lọ, nítorí náà kò sí bí taya ṣe máa padà sí ojú rẹ̀ gan-an. Taya tó dúró wọ́ máa jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀ náà yóò san owó àláíǹmẹ́ǹtì, kó yáa ti kà á mọ́ ìnáwó. Bákan náà, méjì-méjì là ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ọ̀tún pẹ̀lú òsì. Tuntun lápá kan àti ògbólógbòó lápá kejì yóò máa fa mọ́tò.

Ní ti àwọn tó ń ki irin tàbí rọ́bà sábẹ́ sípíríǹgì kí mọ́tò lè ga kúrò nínú gálọ́ọ̀pù, ṣọ́ọ̀bù ni kí wọ́n gbé èyí lọ. Bí imú mọ́tò bá ṣe ń ga ni ṣáfútì iwájú tó ń yí taya ń dagun sí i, jọ́ìǹtì rẹ̀ a sì tètè jẹ.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, kí a kọ́kọ́ wa mọ́tò jẹ́jẹ́ ní àdúgbò tó dákẹ́, kí gíláàsì wà ní ṣíṣí, kí rédíò wà ní pípa. Bí ó bá ń dún kókókó lókè, kí a padà. Bí kò bá dún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí a ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, kí a fi sípánà dán nọ́ọ̀tì mẹ́ta yẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, lápá ọ̀tún àti lápá òsì.