Bí Ìtọ́jú Irun Pẹ́ẹ̀mù Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Inú iná ni pẹ́ẹ̀mù tí a fi ń ká irun ti wá, ibẹ̀ náà sì ni ìtọ́jú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Karl Nessler, onídìrí ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ṣe ẹ̀rọ tó ń ká irun tí omi kò fi ní lè tú u, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìhùmọ̀ náà ní ọdún 1909. Orí Katharina, ìyàwó rẹ̀, ni ó ti dán an wò. Ó fi ìtọ̀ màlúù tí ó lú mọ́ omi pa irun rẹ̀, ó wé e mọ́ rólà idẹ, ó sì fi iná mànàmáná mú idẹ náà gbóná débi tí omi fi ń hó. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, irun obìnrin náà jóná tán, iná sì jó o lágbárí.

Nígbà tí iṣẹ́ náà yọrí, rólà bíi 12 ni wọ́n ń dì sórí ẹnì kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó kílò kan. Nítorí náà Nessler fi okùn àti òṣùwọ̀n gbé wọn kọ́ láti òkè, kí wọ́n má baà kan awọ orí ní gbogbo wákàtí mẹ́fà tí obìnrin fi ń jókòó. Lójú tèmi, okùn wọ̀nyí ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ìkejì ni ti Marjorie Joyner, obìnrin adúláwọ̀ ní Chicago, tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ ní ọdún 1928. Nígbà tí àwọn obìnrin ké pé ó ń ta wọ́n lórí, ó ṣe ìbòrí tí yóò dáàbò bo awọ orí.

Ní ọdún 1938, Arnold Willatt, olùhùmọ̀ kan, mú iná kúrò pátápátá: oògùn nìkan ni ó kù. Imí ọjọ́ ló so okùn inú irun pọ̀. Oògùn àkọ́kọ́, ammonium thioglycolate, a tú ìdè náà, irun a gba àwòrán rólà, oògùn kejì, hydrogen peroxide, a sì tún ìdè náà so. (Ti pẹ́ẹ̀mù tí a fi ń na irun yàtọ̀: sodium hydroxide inú rẹ̀ máa ń yí ìdè náà padà, kì í sì í so ó padà bó ṣe wà.) Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí a má fọ irun náà fún ọjọ́ méjì, kí a fi òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra yà á láti ṣóńṣó irun lọ sí ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí a fi ìpara tó ń mú irun rọ̀ dí èèpo rẹ̀ tí oògùn ti ṣí, kí ó sì jẹ́ irun tuntun tó hù nìkan ni oògùn yóò tún kàn.

Kí onídìrí tó mọṣẹ́ tó tún ṣí ìgò oògùn, yóò mú fọ́nrán kan ṣoṣo tó tutù, yóò rọra fà á. Bí ó bá nà tó sì padà sí ipò rẹ̀, iṣẹ́ yá. Bí ó bá nà láìpadà, tàbí tó já, yóò dé ìgò náà padà. Fọ́nrán kan ni wọ́n ń dán wò lónìí. Odindi orí Katharina ni wọ́n dán wò nígbà náà.