Mímọ àti dída àṣíborí Darth Vader nílé

Mímọ àṣíborí Darth Vader, ọ̀dájú aláṣọ dúdú inú sinimá Star Wars, nílé jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn olólùfẹ́ sinimá náà. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ orí àti ìbòjú rẹ̀. Wọ́n á ṣe mọ́òdù, ìyẹn èèpo tó gba ìrísí iṣẹ́, lé amọ̀ náà lórí, wọ́n á sì fi fáíbà (fọ́nrán gíláàsì) tàbí rẹ́síìnì (oje kẹ́míkà tó máa ń dì le) sínú mọ́òdù náà.

Orísun

Ayàwòrán Ralph McQuarrie ló ya àwòrán Vader. Ìtàn tí wọ́n fún un sọ pé Vader ń gba inú òfúrufú kọjá láti ọkọ̀ kan sí òmíràn, ni McQuarrie bá fi ohun ìmí bo Vader lójú. John Mollo ló ṣètò aṣọ fíìmù náà, ó sì gba Oscar fún un ní 1978. Brian Muir, oníṣẹ́ ère ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi amọ̀ mọ àṣíborí náà ní ilé iṣẹ́ fíìmù Elstree ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1976. Nítorí pé ọwọ́ ló fi mọ ọ́n, apá òsì àti ọ̀tún ìbòjú náà kò bára dọ́gba. Ẹni tó bá tún un ṣe kó dọ́gba ti sọ ìrísí rẹ̀ gan-an nù.

Amọ̀

Amọ̀ olómi máa ń sán bó bá gbẹ, torí náà aṣọ tútù àti ọ̀rá ni wọ́n fi ń bò ó. Amọ̀ olóróró kì í gbẹ, àmọ́ imí-ọjọ́ wà nínú àwọn kan, kì í sì í jẹ́ kí irú sílíkóònù kan (ohun bíi rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe mọ́òdù) dì. Ó yẹ kí wọ́n dán an wò lórí èérún amọ̀ kí wọ́n tó da sílíkóònù sórí iṣẹ́.

Mọ́òdù

Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ihò ojú àti abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Vader wọnú. Bí mọ́òdù POP (ẹfun olómi tó máa ń dì le) bá di odindi kan yí wọn ká, kò ní ṣeé yọ láìfọ́. Nítorí náà wọ́n máa ń pín in sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fi amọ̀ mọ ògiri kékeré láti etí dé etí, wọ́n á da apá kan, wọ́n á gbẹ́ kòtò kéékèèké sí etí rẹ̀ kí apá kejì lè wọnú rẹ̀ déédéé, wọ́n á sì fi vaselíìnì pa á kí wọ́n tó da ìyókù. POP máa ń gbóná bó ṣe ń dì, ó sì lè jó ara tí wọ́n bá dà á nípọn sí i.

Sílíkóònù máa ń tẹ̀, nítorí náà ó rọrùn láti bó kúrò lára ibi tó wọnú. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kun ìpele àkọ́kọ́ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí afẹ́fẹ́ má bàa há síbẹ̀. Àmọ́ kò lè dá dúró: ó nílò èèpo líle, ti POP tàbí ti fáíbà, lẹ́yìn rẹ̀. Láìsí èèpo yìí, ohun tí wọ́n bá dà á wọ́.

Dídà

Ìbòjú àti ìdérí òkè máa ń jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n á fi rẹ́síìnì tẹ́ fáíbà sínú mọ́òdù ní ìpele ìpele. Èéfín rẹ́síìnì náà léwu, ìbomú aláṣọ kò sì dá a dúró. Èyí tó ní àsẹ́ èéfín ló yẹ. Ní fíìmù 1977, ìbòjú náà ní dúdú àti àwọ̀ eérú bí irin.

Òfin

Ní 2011, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Ìlú Ọba dá ẹjọ́ Lucasfilm, ilé iṣẹ́ tó ṣe Star Wars, àti Andrew Ainsworth, ẹni tó ń ṣe àṣíborí tà, lórí àṣíborí Stormtrooper, àwọn ọmọ ogun aláṣọ funfun inú fíìmù náà. Ó ní àṣíborí náà kì í ṣe ère lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ wọn, torí pé ohun èlò fíìmù ni. Ẹgbẹ́ 501st Legion, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ tó ń wọ aṣọ Star Wars, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1997, máa ń yẹ aṣọ wò kí wọ́n tó gba ẹni tó ni ín wọlé.