Báwo lèèyàn ṣe ń di dispatcher nílé iṣẹ́ bàálù? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Iṣẹ́ kan wà nínú iṣẹ́ bàálù tí ọ̀pọ̀ èrò ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Ẹ wọ bàálù, ẹ rí páílọ́ọ̀tì, ẹ rí àwọn tó ń gbé omi kiri fún yín, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nínú ọ́fíìsì kan tó jìnnà gan-an sí ibi tẹ́ ẹ wà, òun àti páílọ́ọ̀tì ni wọ́n jọ fọwọ́ sí i pé kí bàálù yẹn gbéra. Flight dispatcher ni wọ́n ń pè é. Èmi ni mo ń ṣe iṣẹ́ yẹn, àwọn tó fẹ́ wọ ibẹ̀ sì máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà léraléra torí ọ̀rọ̀ náà máa ń dà rú mọ́ wọn lójú, òfin ibì kan ò jọ ti ibòmíì. Òfin Amẹ́ríkà ni màá lò jù, torí òun ló kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kedere jù, màá sì sọ ibi tó ti yàtọ̀.

Kí ni dispatcher ń ṣe gan-an? Ṣé kì í ṣe àwọn tó wà ní tower, ilé gogoro tí wọ́n ti ń darí bàálù ní pápákọ̀, náà ni?

Rárá o. Iṣẹ́ àwọn ti tower ni pé kí bàálù kan má lọ kọlu òmíì, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bàálù. Ilé iṣẹ́ bàálù ló gba dispatcher síṣẹ́ ní tiẹ̀, òun ló ń ṣètò ìrìnàjò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ọ̀nà wo la máa gbà, báwo la ṣe máa ga tó, ojú ọjọ́ ńkọ́, runway (ojú ọ̀nà tí bàálù ń sáré lórí ẹ̀ kó tó gbéra) wo ni wọ́n tì lónìí, irinṣẹ́ wo ló bà jẹ́ lára bàálù yìí àti ṣé ìwé gbà á láyè kó fò bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ṣe é tán á kọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní release, á fọwọ́ sí i, páílọ́ọ̀tì náà á fọwọ́ sí i. Kò tíì parí síbẹ̀ o, á máa tẹ̀ lé bàálù yẹn títí táyà ẹ̀ fi máa kanlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé kì í ṣe bàálù kan ló wà níwájú ẹ̀, ọ̀pọ̀ ni lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká fi epo ṣàlàyé, torí ìdí epo ni iṣẹ́ yìí ti máa ń yé èèyàn. Ká ní bàálù kan ń jó 2,400 kílò epo ní wákàtí kan, ìyẹn 40 kílò ní ìṣẹ́jú kan, ìrìnàjò ẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 3. Epo tó máa gbé e débẹ̀ jẹ́ 7,200. Wàyí o, òfin Amẹ́ríkà fún ìrìnàjò abẹ́lé ní kẹ́ ẹ wo ojú ọjọ́ ibi tó ń lọ, láti wákàtí 1 ṣáájú ìgbà tó máa dé títí di wákàtí 1 lẹ́yìn ẹ̀, tó bá jẹ́ pé àwọsánmà ò ní ga tó 2,000 ẹsẹ̀ bàtà tàbí pé èèyàn ò ní lè rí ọ̀ọ́kán tó máìlì 3, dandan ni kẹ́ ẹ yan pápákọ̀ míì tó lè yà sí. Ká ní ibi tó máa yà sí yẹn jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú 40, 1,600 nìyẹn. Òfin tún ní kí epo ìṣẹ́jú 45 ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, 1,800. A ti dé 10,600 báyìí, a ò sì tíì ka epo tó máa jó nílẹ̀ kó tó gbéra, a ò tíì ka pé wọ́n lè ní kó máa yípo lókè fún ìṣẹ́jú 20 torí bàálù ti pọ̀ jù níbẹ̀, 800 míì. Gbogbo kílò yẹn ló wúwo! Tí ìwúwo ẹ̀ bá wá ju ohun tí bàálù lè gbé gbéra lórí runway yẹn nínú ooru ọjọ́ yẹn lọ, nǹkan kan gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, bóyá ẹrù bóyá èrò, inú àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ò sì ní dùn sí yín. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyẹn, ìṣirò ẹ̀ kọ̀ǹpútà lè ṣe é, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò ní bá yín gbọ́ ìbínú wọn.

Kí ló dé tí òfin fi ní kí èèyàn méjì fọwọ́ sí i? Ṣé páílọ́ọ̀tì nìkan ò tó?

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ òfin yẹn. Lóṣù karùn-ún ọdún 1935, bàálù kan ti ilé iṣẹ́ TWA já ní Missouri ní Amẹ́ríkà, sẹ́nétọ̀ Bronson Cutting wà lára àwọn tó kú. Ojú ọjọ́ ò dáa níbi tó ń lọ, epo ń tán lọ, rédíò ẹ̀ náà ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ dé iwájú àwọn aṣòfin, nígbà tó wá di 1938 wọ́n ṣe òfin tuntun fún iṣẹ́ òfurufú, dispatcher sì wà lára àwọn tí òfin yẹn dárúkọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ máa fún ní ìwé àṣẹ. Látìgbà yẹn, nílé iṣẹ́ bàálù tó ń gbé èrò ní Amẹ́ríkà lójoojúmọ́, dispatcher àti páílọ́ọ̀tì ló jọ ni ojúṣe ìrìnàjò náà, tí ọ̀kan nínú wọn bá ti ní òun ò gbà, bàálù ò lọ. Tó bá sì ti wà lókè tí dispatcher rí i pé ibi tó ń lọ ò dáa mọ́, òun náà láṣẹ láti sọ pé ẹ dúró, ẹ má lọ síbẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ayé ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ṣá. Ní Yúróòpù, EASA, àjọ tó ń bójú tó òfurufú níbẹ̀, ò ní láísẹ́ǹsì kankan fún dispatcher, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń kọ́ àwọn èèyàn ẹ̀. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó san owó ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wádìí lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó òfurufú níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́ pé irú láísẹ́ǹsì wo ni wọ́n ń gbà. Mo ti rí ẹni tó gba ti ibì kan tán kó tó mọ̀ pé kò wúlò fóun níbi tóun fẹ́ lọ, ó dùn mí gan-an.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ jẹ́ páílọ́ọ̀tì tẹ́lẹ̀? Yunifásítì ńkọ́?

Òfin Amẹ́ríkà ò béèrè ìkankan nínú méjèèjì. Kò tún béèrè àyẹ̀wò ìlera bíi ti páílọ́ọ̀tì, ẹni tí ojú tàbí ọkàn ẹ̀ ò jẹ́ kó lè wa bàálù ṣì lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fẹ́ràn ẹni tó ní dìgírì, ìyẹn jẹ́ ti wọn, kì í ṣe ti òfin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, kíkà, kíkọ, sísọ, gbígbọ́.

Ọmọ ọdún mélòó?

Ẹni ọdún 21 lè jókòó ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ pé 23 kí wọ́n tó fún un ní láísẹ́ǹsì. Tẹ́ ẹ bá yege kẹ́ ẹ tó pé 23, wọ́n á fún yín ní lẹ́tà kan tó jẹ́rìí sí i, ẹ ó wá fi gba ojúlówó tó bá yá. Ìlànà ICAO, àjọ òfurufú àgbáyé, tí àwọn orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé kárí ayé ní tiẹ̀, 21 ló fi sí.

Báwo ni ẹ̀kọ́ ẹ̀ ṣe rí, ṣé ó le?

Ó le, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ilé ẹ̀kọ́ tí FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó òfurufú, fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ kọ́ yín fún wákàtí 200 ó kéré tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ki gbogbo ẹ̀ bọ inú ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6, àràárọ̀ dalẹ́. Ojú ọjọ́ ló gba apá tó pọ̀, òfin, bí bàálù ṣe ń ṣiṣẹ́, ìwúwo, rédíò àti ọ̀nà òfurufú. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ tó jọ ọ́ fún ọdún 2 nínú ọdún 3 tó kọjá, bíi páílọ́ọ̀tì ológun tàbí onímọ̀ ojú ọjọ́, òfin gbà kó wá ṣe ìdánwò láìgba ilé ẹ̀kọ́ kọjá.

Ìdánwò méjì ló wà. Èyí àkọ́kọ́ wà lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń pè é ní ADX, ìbéèrè 80, wákàtí 3, 70 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ ó fi yege. Àwọn kan máa ń há ìdáhùn sórí látinú ìbéèrè àtijọ́, wọ́n á sì gba máàkì tó dáa, inú wọn á dùn. Ìdánwò kejì ló máa wá tú wọn. Ẹ̀yin àti olùdánwò kan lẹ máa jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, á ní kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣètò ìrìnàjò kan látòkè délẹ̀, á wá máa tú u palẹ̀: kí ló dé tẹ́ ẹ mú pápákọ̀ yìí? Tí ẹ́ńjìnnì kan bá kú níbí ńkọ́? Tí kùrukùru bá bo ibẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan ńkọ́? Ẹni tó há a sórí ò ní mọ ibi tó máa gbà. Ìmọ̀ràn mi ni pé látọjọ́ kìíní nínú kíláàsì, gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá kọ sílẹ̀ ẹ bi ara yín pé kí nìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa sọ ọ́ síta, torí ẹnu lẹ máa fi ṣe ìdánwò yẹn.

Láwọn orílẹ̀-èdè tó ń tẹ̀ lé ìlànà ICAO gan-an, ìwé nìkan ò tó, wọ́n tún máa ń fẹ́ kẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ dispatcher tó ní láísẹ́ǹsì fún ọjọ́ iṣẹ́ 90 láàárín oṣù 6 tó ṣáájú.

Mo ti gba láísẹ́ǹsì, kò sẹ́ni tó pè mí. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Bóyá ẹ ò ṣe nǹkan kan tí ò dáa. Láísẹ́ǹsì yẹn kọ́kọ́rọ́ lásán ni, ẹni tó mú un lọ́wọ́ pọ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá tí gbogbo èèyàn mọ orúkọ ẹ̀, ẹni tó ti jókòó sídìí iṣẹ́ yìí rí ló sábà máa ń wá, nítorí náà àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó ń fò lọ sí ìtòsí lẹ máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí, tàbí àwọn tó ń gbé ẹrù. Owó ibẹ̀ kéré lóòótọ́. Ẹ sì múra láti kó lọ sí ibi tí ọ́fíìsì wọn bá wà, torí iṣẹ́ yìí kì í sí ní gbogbo pápákọ̀, ibì kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ kan sábà máa ń kó gbogbo dispatcher ẹ̀ sí. Ọ̀nà míì tí mo fẹ́ràn ni pé kẹ́ ẹ wọ ọ́fíìsì yẹn láti ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń ṣètò páílọ́ọ̀tì tàbí ẹni tó ń ṣírò ẹrù, tí àyè bá ṣí sílẹ̀ wọ́n ti mọ̀ yín.

Níbi íńtáfíù, wọ́n á gbé ìròyìn ojú ọjọ́ síwájú yín ní kẹ́ ẹ kà á. Tẹ́ ẹ bá rí BKN005, kẹ́ ẹ sọ láìdúró ronú pé àwọsánmà bo ìdá 5 sí 7 nínú ìdá 8 ojú ọ̀run, 500 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀. Wọ́n á bi yín ní òfin epo àti ti pápákọ̀ tí bàálù lè yà sí. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó ṣe kókó jù máa wá, tí wọ́n á sọ ọ́ bí ìtàn lásán: páílọ́ọ̀tì àgbà kan ní òun fẹ́ lọ báyìí báyìí, ẹ̀yin rí i pé kò yẹ, ó ti ṣiṣẹ́ fún 30 ọdún, ó ń pariwo lórí fóònù, kí lẹ máa ṣe? Ẹ má sọ pé ẹ máa tẹ̀ lé e torí pé àgbà ni. Ẹ má sì sọ pé ẹ máa pariwo padà. Ẹ sọ nǹkan tẹ́ ẹ rí, ẹ bi í ní nǹkan tóun rí, tẹ́ ò bá sì gbà títí, ẹ ò ní fọwọ́ sí i, ẹ ó pe ọ̀gá yín sí i. Ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń wá.

Tí wọ́n bá gbà mí, ṣé ọjọ́ kejì ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ síwèé?

Ó tì o. Òfin ní kí wọ́n kọ́ yín nípa bàálù tiwọn fún wákàtí 40 ó kéré tán tó bá jẹ́ jẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ tó pọ̀ ló sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ó jókòó ti dispatcher kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iṣẹ́ gidi, bàálù gidi, òun ló ń fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni ojú máa ń là. Ẹ ó tún wọ iwájú bàálù lọ́dọ̀ àwọn páílọ́ọ̀tì fún wákàtí 5, kẹ́ ẹ lè fojú rí nǹkan tẹ́ ẹ ń sọ lórí rédíò. Wọ́n á wá dán yín wò lẹ́nu iṣẹ́, tẹ́ ẹ bá yege ẹ di tiwọn. Ọdọọdún ni wọ́n á tún máa ṣe àyẹ̀wò yẹn àti ẹ̀kọ́ tuntun àti wákàtí 5 yẹn.

Àwọn tí mo rí tí wọ́n já nídìí ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn mọ ìwé jù mí lọ. Nǹkan tó ń pa wọ́n ni pé wọn ò lè pinnu. Ìjì dé, bàálù mẹ́ta fẹ́ yà síbì kan náà, fóònù méjì ń dún, wọ́n á kàn máa wo kọ̀ǹpútà bíi pé yóò sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi kì í bi mí pé kí ni ìdáhùn, ohun tó máa ń bi mí ni pé, "Èwo lo máa kọ́kọ́ dá lóhùn, kí sì nìdí?" Mo kórìíra ìbéèrè yẹn nígbà náà, òun náà sì ni mò ń bi àwọn tó ń jókòó tì mí báyìí.

Àkókò iṣẹ́ ńkọ́? Mo ti lé ní 40, ṣé kò ti pẹ́ jù?

Wọn ò gbọ́dọ̀ ṣètò yín ju wákàtí 10 lọ ní ìjókòó kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí wákàtí 24 sinmi láàárín ọjọ́ 7. Ṣùgbọ́n òru wà níbẹ̀, ọjọ́ ọdún wà níbẹ̀, ẹni tó pẹ́ jù nílé iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ yan àkókò tó wù ú, tẹ́ ẹ bá sì ti kúrò nílé iṣẹ́ kan lọ sí òmíì ẹ̀yìn pátápátá lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá àwọn ará ilé yín sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó san owó ẹ̀kọ́. Ní ti ọjọ́ orí, páílọ́ọ̀tì ilé iṣẹ́ bàálù gbọ́dọ̀ dúró ní 65, òfin ò fi ọjọ́ orí kankan dá dispatcher dúró. Nínú kíláàsì tèmi, ẹni tó dàgbà jù ti lé ní 50, òun ló kọ́kọ́ ríṣẹ́.