Ohun tí aáyù, efinrin àti ewúro ń ṣe nínú adìẹ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń po oúnjẹ adìẹ káàkiri àgbáyé fi ń da oògùn antibiotics díẹ̀díẹ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe pé adìẹ ń ṣàìsàn o; kó lè tètè sanra ni. Oògùn náà ń dín bakitéríà, àwọn kòkòrò tójú kò rí, kù nínú ìfun, oúnjẹ tí kòkòrò ìbá jẹ a sì di ẹran. Àmọ́ oògùn díẹ̀ tí kò pa kòkòrò tán a máa kọ́ èyí tó kù lọ́gbọ́n, tí oògùn kan náà kò fi ní í ràn án mọ́ bó bá wọ ara èèyàn. Sweden fòfin dè é lọ́dún 1986. Àwọn orílẹ̀-èdè European Union pa á tì pátápátá ní January 2006. Nígbà tí Ṣáínà náà dá a dúró lọ́dún 2020, ó yọ egbòogi ìbílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú òfin náà. Àyè tó ṣí sílẹ̀ yìí ni ewé àti egbò ń dù.

Igi kò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá fún ohun tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe oró àti òórùn tirẹ̀ sára, láti fi lé kòkòrò àti èbu. Àwọn èròjà wọ̀nyẹn gan-an là ń wá, kì í ṣe ewé fúnra rẹ̀, bí a sì ṣe tọ́jú ewé ló ń sọ bóyá wọ́n máa dé inú adìẹ.

Ẹ wo aáyù. Odindi rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn; àfi tí ọ̀bẹ bá wọ̀ ọ́. Ohun tó fà á ni pé èròjà méjì ló wà nínú rẹ̀, alliin àti alliinase, tí wọ́n ń gbé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí a bá gún un, ògiri àárín wọn á wó, wọ́n á pàdé, allicin tí ń bá bakitéríà jà á sì yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Iná a máa pa alliinase. Nítorí náà, ẹni tó se odindi aáyù kó tó gbé omi rẹ̀ fún adìẹ ti pa iṣẹ́ náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí a gún un, kí a fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a lò ó lọ́jọ́ náà, torí allicin kì í pẹ́ ṣá.

Òróró tí ń ta sánsán ni agbára efinrin. Thymol ló pọ̀ nínú òróró àwọn kan, eugenol, irú èyí tó wà nínú kànáfùrù, ló pọ̀ nínú àwọn mìíràn. Efinrin ẹ̀yìnkùlé méjì lè má ṣiṣẹ́ bákan náà. Òróró yìí ń jo awọ ara bakitéríà, ohun inú rẹ̀ á sì dà síta. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Ewé tí a sá sórí páànù lọ́sàn-án gangan, bí ó bá gbẹ tí kò ta sánsán mọ́, oúnjẹ ewúrẹ́ lásán ló kù. Abẹ́ òjìji ni ká ti sá a, kó sì gbẹ dénú, torí èbu tó bá hù sínú rẹ̀ léwu ju àìsí ewé lọ. Ìṣòro mìíràn tún ni pé ara adìẹ ń fa òróró yìí mu kó tó dé ìsàlẹ̀ ìfun, níbi tí Clostridium perfringens, tó ń jẹ ìfun adìẹ níjẹkújẹ, ti ń gbé. Ìyẹn ni ilé iṣẹ́ ṣe máa ń fi ọ̀rá bo òróró náà kó lè rìn jìnnà.

Ọ̀nà ewúro yàtọ̀. Ìfófòó tí a ń rí tí a bá ń fọ̀ ọ́, saponin ni. Omi ń gbé e jáde wẹ́rẹ́, kò dà bí òróró efinrin tí omi kì í gbà púpọ̀, tó jẹ́ ooru omi gbígbóná tàbí ọtí líle ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Bí ewúro bá pọ̀ jù, adìẹ á dín oúnjẹ kù. Ibi tí owó àgbẹ̀ ti ń ṣòfò nìyí: ẹ̀kúnwọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n. Nínú ìdánwò, gíráàmù 5 sí 10 ìyẹ̀fun ewé gbígbẹ nínú kílò oúnjẹ kan ló wọ́pọ̀; òróró tí a ti yọ kì í ju ìdá kékeré nínú gíráàmù kan lọ.

Ti ẹran ń kọ́? Ọ̀rá adìẹ rọ̀ ju ti màlúù, afẹ́fẹ́ kì í sì í pẹ́ bà á jẹ́. Ẹni tó ti yọ adìẹ tó pẹ́ nínú fìríìsà mọ òórùn òróró àtijọ́ tí à ń wí. Bí adìẹ bá ti ń jẹ àwọn èròjà yìí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó pa á, díẹ̀ lára wọn á wọ ẹran àti ọ̀rá, wọ́n á sì máa dènà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tí a ti pa á. Fítámì E ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́; ewé ń kún un lọ́wọ́ ni, kò lé e lọ. Aáyù àpọ̀jù sì lè mú kí ẹran àti ẹyin máa ta òórùn aáyù.

Ti màlúù àti àgùntàn gba sùúrù ju èyí lọ, torí kòkòrò inú ikùn wọn ló ń bá wọn da koríko. Ewé tó bá pa ìyẹn ti pa òṣìṣẹ́ inú ilé.

Ewé kankan kò dípò àjẹsára àrùn Newcastle àti Gumboro, èrè rẹ̀ kì í sì í hàn púpọ̀ nínú ilé adìẹ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bá máa fi àjẹsára sínú omi, omi lásán tó mọ́ ni ká fi pò ó. Kí omi aáyù dúró dọjọ́ kejì.