Ihò Òkété Ni Yàrá Ìkúnlẹ̀ Òjòlá

Bí ọdẹ bá ń gbẹ́ òkété ní oko Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, lóṣù kẹta, tó wá bá òjòlá kékeré (irú tí òyìnbó ń pè ní ball python) nísàlẹ̀ ihò, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé ejò náà lúgọ de ẹran. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tó ká rìbìtì yí ẹyin po lásìkò yẹn, abiyamọ ni, oúnjẹ kì í sì í kan ẹnu rẹ̀ títí ẹyin yóò fi pa. Òun kọ́ ló gbẹ́ ihò ọ̀hún pẹ̀lú. Òkété ló ni ín tẹ́lẹ̀, tàbí kó jẹ́ ihò inú ògán.

Ní Amẹ́ríkà, òtútù ló ń lé àwọn ejò tó ń jẹ èkúté wọ abẹ́ ilẹ̀. Ní Kétu, ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Ẹyin 4 sí 10 ni òjòlá yìí sábà máa ń yé. Èèpo wọn kì í le bíi ti adìyẹ. Ó rọ̀ bí awọ, omi sì ń gba ara rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ti ṣí ewé lára ẹ̀kọ, tó gbé e sílẹ̀ nínú ọyẹ́, ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: kó tó dalẹ́, etí rẹ̀ á ti gbẹ. Ara ìyá ni ewé ẹ̀kọ yìí. Á lọ́ mọ́ ẹyin yíká-yíká, á gbé orí lé wọn lórí. Ihò òkété wá dà bí igbá tí ẹlẹ́kọ fi aṣọ bò: inú rẹ̀ tutù, ó ní ọ̀rinrin, kódà nígbà tí ilẹ̀ òkè bá ń sán. Bí wọ́n bá mú ìyá kúrò, ẹyin á hunjọ, ọmọ tó bá jáde á kéré, ara rẹ̀ kò sì ní í yá.

Nǹkan bí oṣù méjì ni ìyá fi ń sàba lé ẹyin. Ẹyin oṣù kẹta, oṣù karùn-ún ni ọmọ ń jáde, nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀, tí igbó ti rú. Ìṣirò yìí dára púpọ̀. Ní Ṣábẹ tó wà lápá àríwá Kétu, ẹ̀ẹ̀rùn máa ń le ju ti Kétu lọ. Ewé ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ dì dáadáa níbẹ̀.

Àsìkò yìí kan náà ni àwọn tó ń kó òjòlá ránṣẹ́ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń wá aboyún àti ẹyin. Àwọn kan máa ń dá díẹ̀ nínú ọmọ padà sínú igbó, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n fi ọkọ́ fọ́ kò ṣeé dá padà. Ejò ò lè gbẹ́ òmíràn, ó di ìgbà tí òkété bá tún gbẹ́ ẹ.