Kí Ẹ Tó Kó Tòmátò Jáde, Ẹ Wo Iyọ̀ Inú Kíṣìnì

Bí Oṣù Ọ̀wàrà bá ti ń lọ sópin, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́ káàkiri Epe: "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo ni ká kó tòmátò jáde ní nọ́sìrì?" (Nọ́sìrì ni ibi tí a ti kọ́kọ́ ń tọ́ ọ dàgbà kí a tó gbé e lọ sórí ebè.) Àwọn tó ń béèrè kì í ṣe agbẹ̀ ńlá. Ẹni tó kọ́lé sọ́nà Noforija tí ilẹ̀ díẹ̀ ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilé ni, tàbí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Pòkà tó ń wá ohun tí yóò máa fi ọwọ́ ṣe. Ọjọ́ ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, bí ẹni ń gba ọjọ́ ìgbéyàwó. Èmi náà á bi wọ́n pé: "Iyọ̀ kíṣìnì yín ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Mi ò ṣàwàdà o.

Iyọ̀ a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Láti Oṣù Òkúdù títí wọ Ọ̀wàrà, iyọ̀ tí ẹ ṣí sílẹ̀ nínú abọ́ á máa rin, á dì gbagidi, ẹ á fi ẹnu ṣíbí gún un kó tó já. Tó bá di apá ìparí Oṣù Bélú, ọjọ́ kan á dé tí yóò máa dà bí iyanrìn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Afẹ́fẹ́ ló gbẹ. Ìlẹ̀kùn onípákó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Pákó ń mu omi, ó sì ń wú: ìlẹ̀kùn kíṣìnì mi tí mò ń fi èjìká tì ní Òkúdù, ìka kan ló ń ṣí i nígbà ọyẹ́. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi inú afẹ́fẹ́. Èmi ní iyọ̀ àti ìlẹ̀kùn.

Ohun tó pa èyí pọ̀ mọ́ tòmátò ni pé ọ̀pọ̀ nínú àrùn tó ń pa á lápá ọ̀dọ̀ wa, omi orí ewé ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Bí ewé bá rin fún wákàtí mélòó kan, àrùn á ráyè wọlé. Ẹ ó rí i tí ewé ìsàlẹ̀ á ní àmì dúdú, á rọ, á já, àrùn á sì máa gòkè títí igi yóò fi wà ní ìhòòhò pẹ̀lú èso tútù mẹ́ta lórí. Ìdí nìyẹn tí tòmátò ẹ̀ẹ̀rùn fi ń ṣe dáadáa ju ti ìgbà òjò lọ níhìn-ín, bí ẹ bá sáà ní kànga. Òru tó tutù náà ń ṣe é lóore, torí bí òru bá ń móoru jù, òdòdó rẹ̀ á kàn máa gbọ̀n dànù láìso.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń bá ara wọn jà lórí wa lọ́dọọdún. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀, ó rin. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, ó gbẹ, ó sì ru eruku, òun là ń pè ní ọyẹ́. Ní Oṣù Ògún, afẹ́fẹ́ òkun á ti èkejì lọ jìnnà réré sí àríwá. Ní Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ọyẹ́ á ti òun náà padà títí dé itòsí etí òkun. Epe sún mọ́ òkun jù kí ọyẹ́ tó fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ó ń dé pẹ́, ó ń lò ọjọ́ díẹ̀, á lọ, á tún padà. Nítorí náà, bí mọ̀lẹ́bí yín bá pè yín láti Ṣakí pé ìgbà ti yí padà, òótọ́ ló sọ, fún Ṣakí ni.

Nínú gbogbo àmì, ìrì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà òjò, àwọsánmà dà bí aṣọ tí a fi bo ilẹ̀ lóru, ooru ilẹ̀ kì í rọ́nà jáde. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ojú ọ̀run á mọ́, ìràwọ̀ á yọ rẹpẹtẹ, ilẹ̀ á tètè tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á sì sẹ̀ sórí ewé. Nítorí náà ìrì púpọ̀ ń sọ fún yín pé àwọsánmà ti ń lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkun ṣì wà níbẹ̀. Bàtà yín á rin bí ẹ bá gba inú koríko kọjá láàárọ̀. Òwú aláǹtakùn á máa dán lára fẹ́ńsì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ kan á mọ́, aago mẹ́fà àbọ̀, ẹ á tẹ koríko, á gbẹ táútáú, ètè yín á sì máa fà. Ọ̀rọ̀ kejì ti jáde nìyẹn: ọyẹ́ ti wọlé.

Láàárín ọ̀rọ̀ kìíní àti ìkejì yìí ni ewu wà. Òjò ti dá, onílé rò pé ewu ti tán, bẹ́ẹ̀ ìrì ń rẹ ewé láti òru mọ́jú. Ìdí igi ni kí ẹ máa bomi sí, láàárọ̀, kí oòrùn lè gbẹ èyí tó bá ta sórí ewé. Mo mọ ẹnì kan tó ń da omi lé tòmátò rẹ̀ lórí ní aago méje alẹ́, lásìkò ìrì, tí ewé wá ń kú. Aládùúgbò rẹ̀ ló fẹ̀sùn kàn, ó ní ojú burúkú ni wọ́n fi ń wo ọgbà òun.

Ẹ tún gba ọ̀nà Ẹ̀jìrìn lọ bó bá di Oṣù Ọ̀pẹ. Ewé Akíntọ́lá, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀ (ìjà òṣèlú ìgbà náà ti tán, igbó ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn), á tanná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, funfun lọ bí ẹni da òwú sẹ́bàá títì. Ta ló sọ fún gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà? Gígùn òru ni. Ní Epe, ojúmọmọ tó gùn jù lọ́dún, ní Òkúdù, fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 gùn ju èyí tó kúrú jù lọ ní Ọ̀pẹ. Ojú wa ò rí ìyẹn. Igbó rí i. Àmọ́ ẹ fiyè sí i: ọ̀rọ̀ oòrùn ni Akíntọ́lá ń sọ, kò mọ bí ilẹ̀ yín ṣe gbẹ tó. Iyọ̀ ń sọ ti afẹ́fẹ́, ìrì ń sọ ti àwọsánmà. Ẹni tó bá gbọ́ ti ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn ló ń ṣìnà, èmi náà sì ti ṣìnà rí.

Ewédú ló kọ́ mi lọ́gbọ́n, torí òun náà ń ka gígùn òru. Lọ́dún kan, mo gbin ewédú sí ebè mẹ́fà ní àárín Oṣù Bélú, mo fojú sí ọjà Kérésìmesì. Ilẹ̀ dára, ìgbẹ́ adìyẹ wà níbẹ̀, àràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín. Kò tíì dé orúnkún tó fi tanná yẹ́lò, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so. Màmá tó ń rà á lọ́wọ́ mi ní ọjà Ayétòrò fọwọ́ kan ewé rẹ̀, ó wò mí lójú: "Ọmọ mi, ewédú rẹ ti di arúgbó láìṣe ìyàwó." Mo lọ bá ẹni tó ta irúgbìn fún mi jà. Kò jẹ̀bi, ọjọ́ kúkúrú ló mú un so. Láti ìgbà náà, ewédú tí mo bá gbìn lẹ́yìn òjò, mo máa ń gbìn ín sún mọ́ra, n kì í sì í retí pé kó tún rúwé lẹ́yìn ìkórè àkọ́kọ́. Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, gbòǹgbògbòǹgbò ni mò ń fà á tà. Ṣọkọ náà fẹ́ràn ìwà yẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Ẹ padà sábẹ́ Akíntọ́lá yẹn kó tó tanná, ní Ọ̀wàrà sí Bélú. Bí ẹ bá rí ohun dúdú kéékèèké tó ṣù jọ sórí ewé kan, bíi ìyẹ̀fun tí ẹnìkan dà síbẹ̀, ẹ sún mọ́ ọn. Ọmọ tata ni. Tata tó máa ń ní àwọ̀ ewé, ìyeyè àti dúdú bó bá dàgbà, tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ tó fi ń bó èèpo ara rẹ̀, òun ni ọmọ rẹ̀ yìí. Ìyá wọn ti yé ẹyin sínú ilẹ̀ lábẹ́ ibòji nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀. Ẹyin náà wà nísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò, wọ́n wá pa bí òjò ṣe ń lọ. Ní báyìí wọn ò ní ìyẹ́, wọn ò lè jìnnà, wọ́n sì ń sùn pọ̀. Ẹ lọ ní kùtùkùtù, nígbà tí òtútù àti ìrì ti jẹ́ kí ara wọn wúwo, kí ẹ gbọn ewé náà sínú báákẹ́ẹ̀tì tí omi ọṣẹ wà. Iṣẹ́ àárọ̀ méjì mẹ́ta ni. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ di Èrèlé, á máa lé wọn káàkiri oko ẹ̀gẹ́ bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ bá sì rí àgbà wọn tí wọ́n kóra jọ sójú ilẹ̀ kan lábẹ́ igi ní Ẹrẹ́nà tàbí Igbe, ẹyin ni wọ́n ń yé. Ẹ sàmì síbẹ̀, kí ẹ fi ọkọ́ hú u kí oòrùn lè pa á.

Igi ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́. Igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé yín, ewé rẹ̀ á pọ́n, á wọ́. Ṣùgbọ́n ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Àràbà ṣeé fọkàn tán ju ìyẹn lọ. Ti mángòrò, bó bá tanná tí òjò àìròtì sì rọ̀ lé òdòdó, òdòdó náà lè dúdú kó sì kú, ẹ má bú igi náà.

Ẹyẹ ńkọ́? Lékèélékèé tí àwọn ọmọdé ń na èékánná sí, ó ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń lọ sí àríwá bí òjò bá dé. Ẹlúlùú ní tirẹ̀ ń ké ṣáájú òjò, lẹ́yìn òjò, àti nígbà tí inú rẹ̀ bá kàn dùn. Òwe ti sọ pé òjò tí ẹlúlùú bá pè, orí ara rẹ̀ ni yóò rọ̀ lé. Ẹ jẹ́ kó gbé e.

Àwọn apẹja wa ń wo òpó èbúté, ibi tí omi ọ̀sà ga dé. Àmì tiwọn dára, àmọ́ kì í ṣe ti ọgbà: omi tí odò Ọ̀ṣun ń gbé bọ̀ láti òkè ọ̀hún lọ́hùn-ún, láti Èkìtì, wà nínú rẹ̀. Ọ̀sà lè kún dẹ́nu kí ẹ̀yìnkùlé yín ti gbẹ.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù lọ ni àrọ̀kúrò. Lópin ìgbà òjò, ìjì á ṣú láti ìlà-oòrùn, ààrá á sán, afẹ́fẹ́ á fẹ́ páànù, òjò á rọ̀ gidi gan-an, kò sì ní pé wákàtí kan tó fi dá. Lọ́jọ́ kejì ẹnìkan á ní òjò ti padà, á lọ gbin àgbàdo tó nílò nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ẹ fi ọkọ́ wa ilẹ̀ wò kí ẹ tó gbà fún ìjì. Ẹ gbẹ́ ẹ jìn tó àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ bu èyí tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ fún un. Bó bá dì tí omi sì ń yọ láàárín ìka, ó ti rin jù. Bó bá dì, tó wá fọ́ nígbà tí ẹ fi àtàǹpàkò tì í, ó dára fún gbígbìn. Bó bá ń dà sílẹ̀ bí gàárì, omi kànga ló kù, kí ẹ sì da koríko gbígbẹ bo ìdí ohun tí ẹ bá gbìn. Ilẹ̀ Epe tó pọ̀ jẹ́ oníyanrìn, òkè rẹ̀ á gbẹ lọ́sàn-án kí ìsàlẹ̀ ṣì rin, ìdí nìyẹn tí wíwo ojú ilẹ̀ lásán kò fi tó.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìrì ti ń sẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Mo ti gbọn agbo tata kan sínú omi ọṣẹ lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀ ebè mi ń dì, ó sì ń fọ́. Akíntọ́lá kò tíì tanná, iyọ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí, mo sì fi èjìká ti ìlẹ̀kùn kíṣìnì láàárọ̀ yìí. Tòmátò mi ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní nọ́sìrì, ó ti ń na ọrùn. Mo fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí i.